Ta Ló Tóbi Jù Nínú Àwọn Olórí Ẹ̀gbá?

Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn wọ Abẹ́òkúta ti rí ẹsẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá wọ mọ́tò lónìí, tó kọjá ní Ọ̀dẹ́dá, tó kọjá ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lè má mọ̀ pé ilẹ̀ tí òun ń sáré kọjá yìí ni igbó tí Ẹ̀gbá ń gbé kí ẹnikẹ́ni tó pe ibì kan ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1830, àwọn ènìyàn tí ogun ti lé kúrò nílé wọn gba inú igbó yìí kọjá. Ìyá pọn ọmọ, bàbá ru ẹrù, arúgbó fi ọ̀pá tilẹ̀, àwọn jagunjagun sì wà níwájú àti lẹ́yìn. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọn ò lọ́ba tó ń kó wọn lọ.

Jagunjagun kan ló ṣáájú wọn, Ṣódẹkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Àtìgbà náà títí dòní, Ẹ̀gbá ti ní Aláké lóríṣiríṣi, wọ́n ti ní Bálógun, Baṣọ̀run, Ìyálóde àti akọ̀wé ìjọba. Nínú gbogbo wọn, ta ni iṣẹ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù, tó fi jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn, Ẹ̀gbá kò ní rí bó ṣe rí mọ́?

Àwọn tó ń ka ìtàn Íjíbítì àtijọ́ máa ń jiyàn lórí irú ìbéèrè yìí. Fáráò tí ọmọ Kristẹni àti ọmọ Mùsùlùmí ń gbọ́ láti kékeré kì í ṣe orúkọ ènìyàn kan. Oyè ni, bí Aláké ṣe jẹ́ oyè, àwọn tó sì jẹ ẹ́ pọ̀ lọ jàra. Khufu jọba ní nǹkan bí ọdún 4,600 sẹ́yìn. Òun ló kọ́ ibojì ńlá onígun tó wà ní Giza, wọ́n sì fojú bù ú pé òkúta tó wọ̀ ọ́ tó 2,300,000. Hatshepsut jẹ́ obìnrin, síbẹ̀ ó gorí ìtẹ́, ó sì rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Punt lọ kó tùràrí wálé. Thutmose Kẹta fi ogun fẹ ilẹ̀ Íjíbítì dé Síríà. Ramesses Kejì lo ọdún 66 lórí oyè, ó sì gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sára òkúta káàkiri, kódà sára ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kọ́. Níbẹ̀, òkúta ni wọ́n fi ń wọn ọlá ọba.

Ẹ̀gbá náà ní òkúta. Olúmọ ga tó mítà 137 sí ojú òkun, kò sì sí ọba tó gbẹ́ ẹ, kò sí ẹnikẹ́ni tó wọ́ ọ wá síbẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún yóò rí ihò tí wọ́n sá sí nígbà ogun, àjà rẹ̀ kò ga, àgbàlagbà ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Ojú ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ ohun jíjẹ ṣì wà lára àpáta náà, ó jin díẹ̀, ó sì ń dán. Kò sí Aláké kankan tó gbẹ́ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n forí pamọ́ sí, wọ́n sì fi sọ ìlú lórúkọ.

Èyí gan-an ló jẹ́ kí ìdíwọ̀n ti Ẹ̀gbá yàtọ̀. Oyè ọba kan kò fìgbà kan kó gbogbo agbára ilẹ̀ náà mọ́ra. Aké ní Aláké, Òkè-Ọnà ní Ọ̀ṣilẹ̀, Gbágùrá ní Àgúrá, Òwu tó wá dara pọ̀ mọ́ wọn ní nǹkan bí ọdún 1834 sì ní Olówu. Lábẹ́ wọn, ìlú kékeré-kékeré tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ló wà, oníkálukú ní Ògbóni tirẹ̀ tó ń ṣòfin tó sì ń dájọ́. Wọ́n ní Ológun, wọ́n ní Pàràkòyí tó ń bójú tó òwò, wọ́n ní ẹgbẹ́ Ọdẹ. Nígbà tí àwọn àgbà bá ń sọ pé Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Bí ìjọba wọn ṣe rí ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọdún wò ó. Láti 1830 tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó títí di 1854, kò sí Aláké kankan nínú ìlú náà. Ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko! Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ́ ìlú, tí wọ́n mọ odi, tí wọ́n gba àlejò láti òkè òkun, tí wọ́n sì ṣẹ́gun ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ta ló wá darí wọn?

Ká tó dáhùn, ó yẹ ká padà sẹ́yìn, sínú igbó tó wà níhà Ọ̀dẹ́dá.

Àgbẹ̀ ni Lísàbí Àgbòǹgbò Àkàlà. Ọmọ Ìtokú ni, Ìgbẹ̀ìn ló sì fi ṣe ibùgbé, nígbà tí Abíọ́dún jẹ́ Aláàfin ní Ọ̀yọ́, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ẹ̀gbá wà nígbà náà. Aláàfin fi ìlàrí sí ìlú wọn láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ìlàrí náà sì ń gba èyí tí wọ́n rán wọn àti èyí tí wọn kò rán wọn. Wọ́n ń wọ ilé onílé, wọ́n ń mú ohun tó bá wù wọ́n. Kò sí ẹni tó lè bi wọ́n.

Ohun tí Lísàbí mú lò kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó dàgbà sí abúlé ní Ọ̀dẹ́dá: àáró ni. Bí àgbẹ̀ mẹ́wàá bá jọ dá àáró, gbogbo wọn yóò gbé ọkọ́ lọ sí oko ẹnìkan lónìí. Wọn á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn á bẹ̀rẹ̀ ebè lẹ́ẹ̀kan náà, orin á máa lọ, ẹni tó bá lọ́ra á rí ẹ̀yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú. Kí oòrùn tó wọ̀, oko tí ọkùnrin kan ìbá fi ọjọ́ mẹ́wàá kọ ti di ebè rẹrẹ. Olóko ló máa bọ́ wọn. Bó bá di ọ̀la, oko ẹlòmíràn. Kò sówó níbẹ̀. Gbèsè iṣẹ́ ni, ẹni tí kò bá sì san án ti kúrò nínú àwọn tí ojú lè máa wò láwùjọ.

Lísàbí rí i pé àáró lè kó àwọn ọkùnrin alágbára jọ láti ìlú sí ìlú láìjẹ́ pé ìlàrí fura. Ta ni yóò fura sí àwọn tó gbé ọkọ́ lọ sóko? Ìtàn ẹnu sọ pé nígbà tó kan oko tirẹ̀, tí gbogbo wọn péjọ, ó ní iṣẹ́ tí òun ń fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe kì í ṣe ti ebè. Àáró di Ẹgbẹ́ Olórógun. Ní Ìgbẹ̀ìn, Lísàbí fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìlàrí, ọ̀rọ̀ náà sì ràn bí iná ọyẹ́ láti ìlú kan dé èkejì. Nígbà tí Ọ̀yọ́ kó ogun wá láti fìyà jẹ wọ́n, Ẹ̀gbá ṣẹ́gun. Bí wọ́n ṣe bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́ nìyẹn.

Lísàbí kò jọba lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́ ààfin. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlara rẹ̀, ó sì wọ inú igbó, ó wọlẹ̀ lọ. Igbó Lísàbí ni Ẹ̀gbá ń lọ lọ́dọọdún títí dòní, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọmọ Lísàbí. Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgúrá, gbogbo wọn ló ń jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ yìí. Ó ṣòro láti rí ọba kan ní Íjíbítì tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà tí kò yẹ ká fi pa mọ́. Òmìnira tí Lísàbí gbà kò so àwọn ìlú Ẹ̀gbá pọ̀ pẹ́. Nígbà tí ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀ ní bí ọdún 1820 sókè, tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú àwọn ìsáǹsá Ọ̀yọ́ fọ́ Òwu, igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n kọjú sí lẹ́yìn náà. Wọ́n ń fọ́ ìlú wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń jó tẹni iwájú, tẹni ẹ̀yìn ń wòran, torí pé ìjà ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn tó yè lọ sá sí Ìbàdàn, tó jẹ́ ìlú Gbágùrá tẹ́lẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ti sọ di ibùdó. Níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá di ẹni tí wọ́n ń tì gbọ̀ngbọ̀n lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ìjà bẹ́, wọ́n sì ní láti jáde.

Ibí ni Ṣódẹkẹ́ ti wọlé.

Ibi tó kó wọn lọ kì í ṣe igbó tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn ọdẹ ti ń gbé ìdí Olúmọ ṣáájú, oko Adágbá, ará Ìtòkò, sì wà níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn kan ń pe Abẹ́òkúta ní Oko Adágbá. Odò Ògùn ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpáta ga tó kí olùṣọ́ lè rí ọmọ ogun kí wọ́n tó dé, ihò sì wà fún ìyá àti ọmọ.

Ohun tó wuni jù nínú iṣẹ́ Ṣódẹkẹ́ ni bí ó ṣe jẹ́ kí wọ́n jókòó. Kò da àwọn ará ìlú tó fọ́ pọ̀ bí ẹni da ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo. Ará Ìtokú jókòó pẹ̀lú ará Ìtokú, ará Ìkìjà pẹ̀lú ará Ìkìjà, Ìjẹmọ̀, Kémta, Ìgbẹ̀ìn, Ìpóró, oníkálukú pẹ̀lú Ògbóni àti olóyè tirẹ̀. Ẹni tó bá rìn láti Ìtokú dé Ìjẹmọ̀ lónìí, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ tí ọ̀gbẹ́ni tó ń pe oníbàárà kò sì ní í jẹ́ kó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, àárín àwọn ìlú tó ti kú nínú igbó ló ń rìn, tí orúkọ wọn jí dìde lábẹ́ òkúta. Ìlú tó fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé wọn kò gbèjà ara wọn ló wá ń gbé láàárín odi kan ṣoṣo báyìí. Ọ̀tá ẹnìkan ti di ọ̀tá gbogbo wọn.

Wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ìjẹ̀bú gbógun tì wọ́n, Ìbàdàn gbógun tì wọ́n dé Arákàngà. Ìlú kò fọ́. Nígbà tí àwọn ará Òwu tí kò nílé mọ́ dé, wọ́n rí ilẹ̀ gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun Òwu ni àjálù Ẹ̀gbá ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Sàró dé, láti nǹkan bí ọdún 1838 lọ. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, tí wọ́n ti tà sí oko ẹrú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Freetown. Wọ́n padà pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ìwé lọ́wọ́ àti ẹ̀sìn mìíràn lẹ́nu. Olórí mìíràn ìbá lé wọn, nítorí ẹni tó mọ ohun tí ọba kò mọ̀ a máa ba ọba lẹ́rù. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n. Nígbà tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní Oṣù Kejìlá 1842, ó gbà á. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì mìíràn, tẹ̀ lé e ní Oṣù Kìíní 1843, ó gbà á. Ó kú ní 1845, kí àwọn míṣọ́nnárì tó wá fìdí kalẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀kan nínú wọn, Àjàyí Crowther, dé Abẹ́òkúta, tó sì pàdé ìyá tó bí i níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ilẹ̀kùn tí Ṣódẹkẹ́ ṣí ni ìyá àti ọmọ gbà rí ara wọn.

Ìwé Ìròyìn tí Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní Oṣù Kejìlá 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó wá di Nàìjíríà, tí wọ́n sì fi èdè Yorùbá tẹ̀, ọmọ ìpinnu yẹn ni. Ilé ẹ̀kọ́ tó sọ Abẹ́òkúta di ìlú amòfin, dókítà àti òǹkọ̀wé, ibẹ̀ náà ló ti ṣẹ̀ wá.

Lẹ́yìn Ṣódẹkẹ́, Òkúkẹ́nù tó jẹ́ Ṣàgbùà, olórí Ògbóni, ni gbogbo ojú ń wò. Ìgbà tirẹ̀ ni Gezo, ọba Dàhómì, kó ogun dé ẹnu odi ní Arò ní ọjọ́ 3, Oṣù Kẹta 1851, pẹ̀lú àwọn obìnrin jagunjagun tí òkìkí wọn ti kàn dé Yúróòpù. Ìtàn sọ pé àwọn Ẹ̀gbá kò mọ̀ pé obìnrin làwọn ń bá jà àfi ìgbà tí wọ́n tú aṣọ òkú wò, inú wọn sì ru, wọ́n ní obìnrin ò ní ṣẹ́gun àwọn. Dàhómì sá. Glele ọmọ Gezo tún padà wá ní Oṣù Kẹta 1864, ó tún sá. Ní 1854 ni wọ́n fi Òkúkẹ́nù jẹ Aláké, ó sì wàjà ní 1862. Òun ló jí oyè náà dìde ní ìlú tuntun, èyí kò kéré. Ṣùgbọ́n agbára kò tẹ̀ lé adé náà délé.

Àwọn ológun ló ń lo agbára ọ̀hún. Baṣọ̀run Ṣómóyè ṣe adelé lẹ́yìn ikú Òkúkẹ́nù. Ìgbà rẹ̀ ni Ifọ́lé ṣẹlẹ̀, ní Oṣù Kẹwàá 1867, tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó, tí Ìwé Ìròyìn sì dákẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Ògúndìpẹ̀ Alátiṣẹ́, alágbẹ̀dẹ tó di jagunjagun, di ẹni tí Aláké pàápàá ń wojú rẹ̀. Ó kú ní 1887.

Ọdún yẹn náà ni Ẹfúnróyè Tinúubú kú. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó ṣòwò dé Àgbádárìgì àti Èkó, ó ta tábà, iyọ̀, epo àti ìbọn, ó sì ta ènìyàn pẹ̀lú, kò yẹ ká gbàgbé ìyẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára ní ààfin Èkó débi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i pé wọ́n lé e jáde ní 1856. Ó padà sílé, ó fi ẹ̀tù àti ohun ìjà ti àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá lẹ́yìn nígbà tí Dàhómì tún ń bọ̀, wọ́n sì fi jẹ Ìyálóde ní 1864. Gbàgede kan ní Èkó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ní ìlú tí wọ́n ti lé e.

Aláké Gbádébọ̀ Kìíní yẹ fún ojú ìwòye mìíràn. Ó gorí oyè ní 1898, ìgbà rẹ̀ sì ni Ẹ̀gbá ní ìjọba tó ní akọ̀wé, ilé ẹjọ́ àti owó bodè tirẹ̀, nígbà tí àwọn ilẹ̀ tó yí wọn ká ti bọ́ sábẹ́ òyìnbó. Ìwé àdéhùn tí wọ́n bá Gómìnà Carter fọwọ́ sí ní 1893 gbà pé Ẹ̀gbá wà lómìnira. Adégbóyèga Ẹ̀dun, tó ti ń jẹ́ Jacob Samuel tẹ́lẹ̀, ni akọ̀wé ìjọba. Ní 1904, Gbádébọ̀ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí London, ó sì bá Ọba Edward Keje sọ̀rọ̀, ọba sí ọba.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó bàjẹ́. Ìjẹmọ̀ ń bínú sí ìjọba Ẹ̀dun, olóyè kan láti ibẹ̀, Pọ́nládé, kú sí àhámọ́, àwọn ènìyàn tú jáde. Ní Oṣù Kẹjọ 1914, àwọn ọmọ ogun òyìnbó yìnbọn sí wọn ní Ìjẹmọ̀. Kí ọdún náà tó parí, òmìnira Ẹ̀gbá ti dópin. Nígbà tí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe wá tẹ̀ lé e, àwọn ará oko dìde ní 1918, wọ́n hú ojú irin rélùwéè, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀. Ogun Adùbí ni wọ́n ń pè é. Gbádébọ̀ ní ilé, ó ní òfin, ó ní lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọba, ṣùgbọ́n ó fi ìjọba rẹ̀ gbára lé ìbọn ẹlòmíràn, ìbọn náà ló sì gba ìjọba náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aláké Adémọ́lá Kejì tó tẹ̀ lé e ní 1920 pẹ́ lórí oyè ju gbogbo wọn lọ. Òyìnbó kó agbára fún un ju bí Aláké kankan ṣe ní in rí, wọ́n sì fi owó orí rù ú pẹ̀lú. Àwọn obìnrin ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn akódà ń wọ ilé lọ wò bí ọmọbìnrin bá ti tó sanwó. Lákòókò ogun Hitler, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà lórí àtẹ, wọn kì í san iye tó yẹ.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1900, ti dá ẹgbẹ́ àwọn ìyá afínjú sílẹ̀ ní 1944. Nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí. Ó bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ró ìró, ó fi èdè Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ náà sì di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kó lọ sí ààfin ní Aké. Wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú. Wọ́n gbé oúnjẹ dání, wọ́n pọn ọmọ dání, wọ́n sì ń fi orin sọ ohun tí ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ò lè sọ níwájú ọba. Bí wọ́n bá kó àwọn kan lọ sí ẹjọ́, àwọn mìíràn á kún ààyè wọn. Wọn ò yìnbọn kan. Ní Oṣù Kìíní 1949, Aláké fi Abẹ́òkúta sílẹ̀, ó lọ ń gbé ní Òṣogbo. Owó orí obìnrin ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wo bí àáró Lísàbí ṣe tún yọjú níbẹ̀! Àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ ló péjọ, àwọn ìyá tó ń ta ìrẹsì àti aláró, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn ikú Akhenaten, Fáráò tó ní oòrùn nìkan ni kí wọ́n máa sìn, àwọn tó jẹ tẹ̀ lé e ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára òkúta. Ní Ẹ̀gbá, wọn kò ha ẹnikẹ́ni kúrò. Adémọ́lá padà sí ààfin rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 1950, ó sì wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní 1962. Wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé ìlú ló ni adé, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó máa dé e lọ.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ ẹni tó tóbi jù, àwọn kan á ní Lísàbí ni, àwíjàre sì wà lẹ́nu wọn, nítorí òun ló kọ́ Ẹ̀gbá bí wọ́n ṣe ń para pọ̀. Àwọn obìnrin 1947 kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ni ìdájọ́ àpilẹ̀kọ yìí mú. Ẹ̀gbá ti gba òmìnira kí ó tó di olórí, òmìnira náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọn kò gbé pọ̀. Òun ló wá ilẹ̀ tí wọ́n lè jọ gbé láìjẹ́ pé ìlú kankan pàdánù orúkọ rẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí àlejò wọlé nígbà tí ọgbẹ́ ogun kò tíì san. Bí kò bá sí i, igbó tó wà níhà Ọ̀dẹ́dá ni orúkọ Ìtokú, Ìjẹmọ̀ àti Ìkìjà ìbá ti parẹ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àgbàlagbà nílé ní Ọ̀dẹ́dá àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ìlú tí ìdílé yín ti kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá, àti àdúgbò tí wọ́n jókòó sí nígbà tí wọ́n dé abẹ́ òkúta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ.